Irọ́ Tí Mo Pa Nípa Kúrásáǹtì

Tudun Wada ní Sókótó níbí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta irinṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ́kọ, mo bá ọkọ mi lọ sí Mabera, àdúgbò mìíràn nílùú yìí kan náà, ibẹ̀ sì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan nǹkan tà: búrẹ́dì, míìtì-páì, kéèkì ìsọmọlórúkọ. Ọkọ mi ń ta aṣọ lọ́jà. Yàrá tó yẹ kó jẹ́ ti àlejò ni mo gbé ààrò onígáàsì mi sí. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi máa ń sọ pé ọwọ́ mi dùn, wọn ò sì parọ́. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó ń yan míìtì-páì nínú ilé, ìyàwó ilé tó kàn ń wá nǹkan ṣe ni. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ kó jẹ́, kí n wọ aṣọ funfun, kí n máa jáde nílé láàárọ̀, kí àwọn ọmọ mi lè sọ níléèwé pé ibi báyìí ni ìyá àwọn ti ń ṣiṣẹ́.

Oníbàárà mi kan, obìnrin Haúsá tó máa ń lọ sí Àbújá dáadáa, ló kọ́kọ́ mú kúrásáǹtì, búrẹ́dì àwọn Faransé tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, wá fún mi.

Ó ní, "Hajiya, tọ́ eléyìí wò. Ṣé o lè ṣe é?"

Mi ò tíì dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n báyìí ni wọ́n ṣe máa ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin tó bá ti ní oníbàárà. Mo gé e jẹ, èèpo rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ sórí híjáàbù mi. Mo fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, ìpele lórí ìpele, ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi fúláwà ṣe oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe fi fúláwà ṣe èyí. Mo ní, "Màá ṣe é." Ẹnu mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, n kò tíì rò ó.

Fóònù ni mo fi kọ́ ọ. Wọ́n á po fúláwà pẹ̀lú yíìsì àti mílíìkì, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á wá gbé bọ́tà tútù sáàárín rẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po bí ẹni ṣẹ́ aṣọ. Wọ́n á tún tẹ́ ẹ, wọ́n á tún ṣẹ́ ẹ po. Bọ́tà náà ò gbọ́dọ̀ yọ́, kò sì gbọ́dọ̀ le débi táá fi já. Nínú fóònù, yìnyín ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé àwọn tó ń ṣe é. Èmi wà ní Sókótó, nínú oṣù tí irin ilẹ̀kùn ń jó èèyàn lọ́wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, bọ́tà ti yọ́ kí n tó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó jáde nínú ààrò dà bí búrẹ́dì tó já sínú òróró. Ọkọ mi jẹ ẹyọ kan, ó rọra nu ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ó dùn o. Ṣùgbọ́n ṣé búrẹ́dì tí gbogbo ayé ń jẹ kò tó ọ mọ́ ni?"

Mo tún po fúláwà mìíràn. Nígbà tí mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ mi pàápàá ò fẹnu kàn án mọ́. Ewúrẹ́ àdúgbò ni mo ń kó o fún.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo rí i ṣe. Ó wú, ó pọ́n, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ooru padà dé, gbogbo rẹ̀ tún yọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọyẹ́ ló bá mi ṣe é, èmi rò pé ọwọ́ mi ni.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kó omi inú ọ̀rá sí fìrísà títí ó fi dì gbagidi, mo tò ó sínú páànù ńlá, mo gbé táìlì fífẹ̀ kan lé e lórí. Orí táìlì tútù yẹn ni mo ti ń tẹ́ fúláwà, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí oòrùn tó yọjú. Èyí tó pẹ́ jù kó tó yé mi ni ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e sí kó wú kó tó wọ ààrò. Búrẹ́dì, ibi tó móoru la máa ń gbé e sí. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ibẹ̀ bá móoru díẹ̀, bọ́tà á ti ṣàn kúrò láàárín rẹ̀ kó tó fojú kan iná. Ó ná mi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́tà kí n tó mọ̀ pé ibi tútù ló ti gbọ́dọ̀ wú, díẹ̀díẹ̀, nínú kúlà tí ọ̀rá yìnyín kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìyẹn. Èmi ni mo fi ojú ara mi wá a rí.

Ìyàwó kan ń gbé nínú ilé tó kọjú sí tiwa. Ọmọ Ìlọrin ni, ó kéré sí mi tó ọdún mẹ́fà, àǹtí ló ń pè mí. Ó ti lọ ilé ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè ní Ìlọrin fún oṣù mẹ́fà kó tó lọ́kọ, ṣùgbọ́n kéèkì nìkan ló ń ṣe, kéèkì rẹ̀ sì máa ń gbẹ. Lọ́sàn-án, tí òórùn bọ́tà bá ti gba àdúgbò, á sọdá wá. A ó jọ jókòó, á jẹ, á yìn mí, á pọn ọmọ mi kékeré kí n lè rí ọwọ́ fọ abọ́. Nígbà tí mo bí ọmọ yẹn, òun ló fọ aṣọ mi fún odidi ọjọ́ méje. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé èèyàn burúkú ni.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìtura tuntun kan lápá Gawon Nama, tí wọ́n sì ń wá ẹni táá máa yan nǹkan fún wọn, òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní òun á sìn mí lọ. Mo yan kúrásáǹtì méjìlá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo tò wọ́n sínú páálí. Inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a wọ̀, mo gbé páálí náà lé itan bí ọmọ tuntun, gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti ní kòtò ni mò ń pe "Bísímílláàhì."

Mánijà wọn, ọkùnrin kan tó ń fi Haúsá àti Òyìnbó sọ̀rọ̀ pa pọ̀, jẹ ẹyọ kan tán, ó tún mú òmíràn. Ó pa ojú dé. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnì kankan lè ṣe irú rẹ̀ nílùú yìí. Ọkàn mi fò sókè. Ó wá ní kí n mú ìwé ẹ̀rí mi wá.

Mo ní, "Mi ò lọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, sà. Inú ilé ni mo ti kọ́ ọ."

Ó gbé pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ mi. "Ìwọ ńkọ́?"

Ó ní, "Mo ní ìwé ẹ̀rí, sà."

"Ṣé ẹ jọ ṣe èyí ni?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí fìrí, ó gbé ojú kúrò. Ó ní, "A jọ ṣe é ni, sà."

Ǹ bá ti sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá ara mi lẹ́jọ́ lórí ìṣẹ́jú yẹn. Mo rò pé tí mo bá já a nírọ́ lójú àlejò, ojú á tì í, ojú á tì mí náà. Mo tilẹ̀ tún fi kún un. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ̀ dára, sà." Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀rẹ́ mi sọdá wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì tètè dìde.

"Àǹtí mi, wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò lè sọ pé rárá. Ẹ ó máa kọ́ mi, àbí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Kí ló máa dé tí mi ò ní kọ́ ẹ?"

Ìdajì ni mo kọ́ ọ. Mo fi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ àti bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ po hàn án. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku kí n gbé e sínú kúlà, màá ní orí ń fọ́ mi, tàbí kí n ní ọkọ rẹ̀ máa wá a. Á dúpẹ́, á lọ. Lọ́jọ́ kan mo rí i lójú fèrèsé tó ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, nínú aṣọ funfun, híjáàbù rẹ̀ funfun. Mo pa fèrèsé náà dé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ń mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìṣíde ilé ìtura náà, ó pè mí lórí fóònù. Mo ń bó àlùbọ́sà míìtì-páì lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu. Àwọn àlejò ńlá máa jẹun láàárọ̀ ọ̀la, kúrásáǹtì ni wọ́n ní kí n ṣe. Mo ti tẹ́ ẹ, mo ti ṣẹ́ ẹ po. Tí mo bá ká a tán, ibo ni ẹ máa ń gbé e sí kó wú?"

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Mo ní, "Gbé e sí ìdí ààrò. Ibi tó móoru dáadáa."

Ó ní, "Bọ́tà ò ní yọ́, Àǹtí?"

"Kò ní yọ́."

"Bíi ti búrẹ́dì náà ni?"

"Bíi ti búrẹ́dì."

Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́."

Mo bó àlùbọ́sà mi tán. Mi ò lè sọ fún yín pé ọkàn mi gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ronú pé mo lè pè é padà, mo wo fóònù náà, mo lọ yí ẹran tó wà lórí iná. Mo ní àyè títí ilẹ̀ fi ṣú láti pè é. Mi ò pè.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n lé e. Ó wá sílé mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ààrò, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Bọ́tà ṣàn jáde nínú wọn, ó kún àwo, ó dà sórí iná ààrò, èéfín gba gbogbo ibi ìdáná. Àwọn àlejò ti jókòó. Mánijà kó àwo náà dà sínú pààntí lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní akúrí ni wọ́n fi ìwé ẹ̀rí fún. Ọ̀rẹ́ mi sunkún títí ó fi ń ṣe òsúkè.

Ó ní, "Ẹ̀yin ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, Àǹtí. Ọwọ́ mi ni kò gbà á. Ẹ̀yin nìkan lẹ ràn mí lọ́wọ́."

Mo fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo ní, "Má sunkún mọ́."

Ẹ ó rò pé ìyẹn tó. Kò tó mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo tún yan kúrásáǹtì méjìlá, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo gba Gawon Nama lọ. Mo rò pé àyè iṣẹ́ náà ti ṣófo, ó ti kàn mí. Mánijà ò tilẹ̀ ṣí páálí náà.

Ó ní, "Hajiya, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe tọjọ́sí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? A ti rí ohun tí èkejì rẹ ṣe. A ò gba àwọn tó ń yan nǹkan nínú ilé mọ́. Láti Àbújá ni wọ́n á ti máa kó o wá fún wa ní dídì."

Mo fẹ́ sọ pé èmi nìkan ni mo ṣe é, pé òun kò fọwọ́ kan án. Ṣùgbọ́n èmi náà wà nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ tó sọ pé a jọ ṣe é, mo sì gbà. Mo kó páálí mi, mo jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún táyà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ni mo ti pín in. Ọ̀kan nínú wọn fi Haúsá yìn ín, "Madalla!" ó sì ní ó dà bí búrẹ́dì tó ṣófo nínú.

Ọkọ mi nìkan ni mo jẹ́wọ́ fún. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n fún òun lómi mu. Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí di òní, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe pé ó gbàgbé.

Ọ̀rẹ́ mi àti ọkọ rẹ̀ ti padà sí Ìlọrin. Mo gbọ́ pé aṣọ ọmọdé ló ń tà báyìí, pé kò fọwọ́ kan fúláwà mọ́. Èmi ṣì wà ní Mabera, mò ń yan míìtì-páì fáwọn ọmọ iléèwé. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bèèrè bí ooru ṣe rí. Ó wá ní, "Olùkọ́ mi, Ọlọ́run á san oore tí ẹ ṣe fún mi padà fún yín."

Mo tẹ̀ ẹ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kọ "Àmín" sí i, mo gbé fóònù náà dojú bolẹ̀.