Ọjọ́ Tí Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Yìnyín Mọ́ Làtífátù

Ó ti pẹ́ tí Làtífátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ti ń ta ẹja yìnyín níwájú ilé rẹ̀ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Àdúgbò Mazamaza nítòsí ibẹ̀ ló ti ń rà á ní páálí, kì í sì í gbà kí ẹlòmíì bá a ṣà á. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú kóòdù-rúùmù, yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí, lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó gbé báàfù ìkẹ́ja rẹ̀ kalẹ̀ síta, ó wọlé bó ti máa ń ṣe, ó wà lẹ́yìn páálí ẹja kóté tí wọ́n tò dé àjà. Àmúsà tó ń bójú tó ibẹ̀ kò rí i. Ìrun ló ń sáré lọ kí. Ó paná, ó ti ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Àmúsà! Ẹ ṣílẹ̀kùn o!"

Ilẹ̀kùn náà nípọn bí ògiri. Làtífátù táràrà dé ìdí rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó gbá a títí ọwọ́ rẹ̀ fi kú. Ó yọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ̀kì.

Òtútù yìí kì í ṣe ti ọyẹ́ tí èèyàn ń fi aṣọ ìbora lé lọ. Ó ta á létí àti nímú bí ata, lẹ́yìn náà ló wọ egungun. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó fi híjáàbù wé ọwọ́, ó ń gbé páálí láti ìhín sí ọ̀hún kí ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀. Nígbà tó yá, ohun tó bà á lẹ́rù jù lọ ṣẹlẹ̀: kò mọ òtútù náà lára mọ́. Oorun ló ń kùn ún. Ó rọra jókòó.

"Ìyá Raheemah, dìde," ó ń bá ara rẹ̀ wí. "Ta ni yóò lọ mú ọmọ nílé kéú?"

Ẹsẹ̀ kò gbé e.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n tó sọ fún un pé Ọlákìtán, obìnrin kan tóun náà ń ta ẹja, ló rí báàfù rẹ̀ níta, tó figbe ta: "Ẹni tó ni báàfù yìí dà?" Àmúsà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti mọ́ṣáláṣí. Ó sáré ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àǹtí, ẹ foríjì mí, mi ò mọ̀!"

Làtífátù fẹ́ dá a lóhùn, ètè rẹ̀ kò ṣí. Wọ́n gbé e sínú oòrùn, wọ́n fún un ní tíì gbígbóná. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ padà sí ìka rẹ̀ ló tó sunkún, nítorí ìrora náà ju ti òtútù lọ. Orí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ dúdú, ó sì bó.

Kò fi òwò náà sílẹ̀, torí kò mọ òmíràn. Ṣùgbọ́n Ọlákìtán ló ń fi ìdí dá ilẹ̀kùn dúró báyìí tó bá wọlé, kó má bàa tì mọ́ ọn. Bí Làtífátù sì ti ń ṣa ẹja lọ́wọ́, ó ń pè é ṣáá:

"Ọlákìtán, ṣé o ò tíì lọ?"

"Mo dúró, Àǹtí."

Kì í pẹ́ tó fi ń tún bi í.