Ìlà Tí Mojí Fò

Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kò kí mi lọ́jọ́ náà. Ó wọ kíláàsì mi ní Iléṣà bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí wọn. Alága kò dáhùn. Èmi ló tẹjú mọ́.

Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Túndé, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Ẹ kàn máa bá wa tún nǹkan kan sọ fún àwọn ọmọ yìí ni."

Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n tún sọ. Ó ti pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á gbé mi kúrò ní ilé-ìwé náà.

Èdè Yorùbá ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ JSS. Ewì àbáláyé ló máa ń yọ wọ́n lẹ́nu jù, nítorí ìwé tí à ń lò ti bá wọn dáhùn sílẹ̀: bó bá jẹ́ oríkì, ìyìn ni kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á gba máàkì. Èmi kì í gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tí ewì ṣì ń sọ nígbà tí gbogbo ẹwà inú rẹ̀ bá ti dákẹ́.

Nítorí náà ni mo fi ní kí kálukú lọ gba oríkì ìdílé rẹ̀ lẹ́nu àgbà ilé. Àwọn ọmọ kó erin dé, wọ́n kó ẹkùn dé. Mojí, ọmọ alága, gba tirẹ̀ lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìwàrà. Ó kì wọ́n fún obì tí wọ́n gbìn, ó kì wọ́n fún àlejò tí wọ́n ń ṣe, ó wá dé ibì kan:

"Ọmọ asá-fógun-wọ-oko-kókò,
Ogun lọ tán, ó gbọn ewé kúrò lórí,
Ó ní, 'Ṣé ẹ rí i bí mo ṣe ṣọ́ ìlú?'"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé tó jókòó lẹ́yìn pariwo pé, "Mà, ojo ni kókó ọ̀rọ̀ tiwọn!"

Mojí kò bínú. Ó ní, "Bí kò bá sá, ta ni ì bá bí mi? Àwọn tí kò sá ńkọ́, ọmọ wọn dà tí yóò kì wọ́n?"

Mo wá àga, mo jókòó. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ti wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwa olùkọ́. N kò gbọ́ ìtumọ̀ tó dára tó ìyẹn lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn.

Àmọ́ bàbá rẹ̀ ń du oyè lásìkò náà. Oyè ogun ni. Àwọn àgbà tí yóò fọwọ́ sí i jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, Mojí sì ń fọ abọ́ nílé ìdáná, ó ń kọ́ oríkì rẹ̀ sórí. Nígbà tó dé oko kókò, ẹ̀rín pa àwọn àgbà náà débi pé obì há ọ̀kan nínú wọn lọ́fun.

Ẹni tó wá da epo sí iná ọ̀rọ̀ náà ni Ìyá Dàmọ́lá, olùkọ́ bíi tèmi. Tábìlì wa kọjú síra wọn ní yàrá olùkọ́, inú fúláàsì mi la ti jọ ń bu tíì mu. Ó sọ fún ọ̀gá àgbà pé èmi ni mo kó àwọn ọmọ jọ láti fi ìdílé alága ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ní kíláàsì mi lọ́jọ́ náà. Ògiri ló jẹ́rìí fún un. Ipò olórí ẹ̀ka èdè tí mo wà ló ń wò, gbogbo wa la sì mọ̀.

"Ẹ sọ fún wọn pé akíkanjú ni kókó ọ̀rọ̀ ewì yẹn," ni alága wí lọ́jọ́ tó wọ kíláàsì mi yẹn. "Ará Òṣogbo ni yín. Kí lẹ mọ̀ nípa ìdílé Ìjẹ̀ṣà?"

"Ohun tí ìyá yín sọ fún ọmọ yín ni mo mọ̀, sà."

"Ìyá Túndé," ni ọ̀gá àgbà wí, "ẹ rọra."

Mo ní a kì í túmọ̀ ewì tí a kò gbọ́. Mo ní kí Mojí dìde, kó kì í. Ó dìde. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ó kì wọ́n fún obì, ó kì wọ́n fún àlejò, ó fo oko kókò, ó sì jókòó. Kẹ́hìndé la ẹnu, ó tún pa á dé. Kò sí ọmọ tí kò mọ̀.

Alága rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ gbọ́? Akíkanjú."

"Ó fo ìlà kan, sà," ni mo wí. "Inú ìlà yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wà."

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan lẹ́yìn Ìwàrajà, níbi tí òjò ti máa ń bá wa ṣe kíláàsì. Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ, òun náà ni mo ń gùn bọ̀, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyá Dàmọ́lá gba ipò mi, kò sì dá fúláàsì mi padà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ọ̀gá àgbà ti Iléṣà ránṣẹ́ pé Ọlọ́run á san án fún mi. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé kí Ọlọ́run kọ́kọ́ san tirẹ̀ fún un, kí n rí bó ṣe rí.

Alága jẹ oyè náà. Ọdún yìí ló kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn kan ní mo lọ dárí jì í. N kò dárí ji ẹnikẹ́ni. Mo lọ gbọ́ bí wọn yóò ṣe kì í ni.

Ọ̀gá àgbà àti Ìyá Dàmọ́lá wà níwájú, àwọn méjèèjì ti darúgbó. Mo jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó kan àwọn obìnrin ilé, Mojí ló ṣíwájú wọn, òun náà ti di abiyamọ. Ó kì í fún obì, ó kì í fún àlejò. Ó wá kan ibi tó fò níjọ́sí. Mo di apá àga mú.

"Ọmọ asá-fógun-wọ-oko-kókò..."

Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, omi wà lójú wọn. Ó sì fi ìlà kan kún un tí kò sí lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀ rí:

"Bí kò bá sá, ta ni ì bá bí ẹni tí à ń sin?"

Àwọn obìnrin ilé gbè é. Àwọn ọmọdé ìdílé náà gbè é lẹ́yìn wọn, bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìdílé sílẹ̀ ló ti wà níbẹ̀.

Ìyá Dàmọ́lá bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹnì kan láàárín èrò. Mo dìde dúró, kó lè rí mi dáadáa.