Àwọn Òkú Tó Dọ̀bálẹ̀

Igbákejì ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí. Àwọn mìíràn ti ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣí ọ̀nà fún wọn. Lónìí, Ọ̀túnba ni wọ́n ń pè é. Ó ti ṣe òṣèlú, ó ti kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sí ìgboro, àwọn ọlọ́kadà sì máa ń fọn fèrè kí i bí ó bá ń kọjá. Ọ̀túnba náà ni n ó máa pè é níbí. N kò ní fi orúkọ rẹ̀ ba tákàdá mi jẹ́.

Ọ̀dọ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí nígbà náà. Mo kọ eré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣe ní ìparí ọdún. Nínú eré náà, àwọn òkú jáde láti itẹ́ òkú, wọ́n tò láti dìbò. Akọ̀wé ìdìbò ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dáhùn pé àwọn wà níbẹ̀, inú akọ̀wé sì ń dùn pé òun kò rí olùdìbò tó ní sùúrù tó báyìí rí. Ọ̀túnba yá eré náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ kà á gbádùn. Ọ̀dọ̀ alábẹ̀wò ilé-ìwé ló gbé e lọ. Wọ́n yọ ìran àwọn òkú kúrò, ohun tó kù kò ju ìgbéyàwó àti ijó lọ. Wọ́n gbé èmi lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, sí ilé-ìwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ọ̀túnba di ọ̀gá àgbà. Àlùfáà ìjọ wa ti bẹ̀ mí títí pé kí n dárí jì í. Mo ní kí ó kọ́kọ́ bi í bóyá ó tọrọ ìdáríjì. Ó lọ, kò mú èsì kankan bọ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó wá bá mi nílé. Obìnrin ni, ó ti di olùdarí fíìmù.

"Mà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ fíìmù sọ́ńbì," ó wí.

"Kí ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Òkú tó jí, tó ń rìn, tó ń jẹ èèyàn."

"Àkúdàáyà."

"Rárá, mà. Àkúdàáyà ń ṣòwò, ó ń fẹ́yàwó. Sọ́ńbì ò mọ nǹkan kan."

Òótọ́ ló sọ. Àkúdàáyà ní làákàyè. Ó mọ̀ pé òun ti kú, ìdí nìyẹn tó fi sá lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Èyí tí ọmọ yìí ń sọ kò kúrò nílùú, kò sì mọ̀ pé òun ti kú. Mo ní irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì, a sì wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Òun ń wo bí wọ́n ṣe kun ojú àwọn òkú. Èmi ń wo àwọn tí kò tíì kú. Ìlú ń jó, ẹnì kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ pé kí aráàlú fọkàn balẹ̀, apá ìjọba ká a. Àwọn tó ti ara wọn mọ́ inú ilé ìtajà ń jà nítorí ẹni tí yóò ṣe olórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkú ń fọ́ ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni àwọn wọ̀nyí fi ẹ̀jẹ̀ bò, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá lè sọ pé eré lásán ni. Ó ní kí n kọ tiwa bẹ́ẹ̀. Mo gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan: a kò tún ní yọ ìran àwọn òkú kúrò nínú iṣẹ́ mi mọ́ láyé.

Mo kọ ọ́. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tí kò ṣe ọ̀nà, tí kò ra oògùn sí ilé ìwòsàn. Àwọn tí ọ̀nà yẹn àti ilé ìwòsàn yẹn pa dìde láti inú ilẹ̀, wọ́n ń wá a kiri títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì jẹ ẹ́. Kò sí ohun tó fara sin nínú rẹ̀.

Nígbà tí a ń wá àwọn tí yóò ṣe òkú, mo pe regbẹ́regbẹ́ mi, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wa bára mu. Wọ́n jáde tayọ̀tayọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà wá. A fi ẹfun kun ojú gbogbo wọn, a fi sóbò ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni ìjà ti dé.

"Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bọ́ sẹ́yìn," ni ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mi wí.

"Ìyá, òkú ni gbogbo yín," olùdarí dáhùn.

"Mo gbọ́. Ṣé torí pé mo kú ni ọmọ tí mo débi ìsọmọlórúkọ rẹ̀ yóò ṣe máa ṣáájú mi?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró níwájú ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ikú ti mú mi ṣáájú yín. Àgbà òkú ni mí."

"Ẹnu rẹ ò tíì kú. Bọ́ sẹ́yìn."

Báyìí ni àwọn òkú wa ṣe tò bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn lọ, tí wọ́n sì wọ́ lọ sí òpópónà. Onígbàjámọ̀ àdúgbò ló ṣe alága. A fi agbádá ńlá wọ̀ ọ́, ó sọ̀kalẹ̀ nínú jíípù tí a yá. Àwọn òkú yí i ká, wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n ń kùn. Olùdarí ń dúró kí wọ́n bò ó. Ẹni tó wà níwájú wo agbádá, ó wo jíípù, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo àwọn tó kù tẹ̀lé e, àwọn obìnrin lórí ìkúnlẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà, tó ń gé irun púpọ̀ nínú wọn, na ọwọ́ sí wọn, ó ní, "Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ dìde."

"Kí lẹ ń ṣe?" olùdarí béèrè. "Mo ní kí ẹ jẹ ẹ́."

Ẹni àkọ́kọ́ ń gbọn eruku àyà rẹ̀. "Má bínú, ọmọ mi. Agbádá yẹn ni. Orúnkún mi ò bi mí kó tó tẹ̀."

Olùdarí fẹ́ kí a tún un yà. Mo ní kí ó má fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà èwe mi ni àwọn èèyàn yìí ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Mo pa òpin tí mo kọ rẹ́. Níbi ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni fíìmù wa parí sí.

Gbọ̀ngàn Ọ̀túnba ni olùdarí ti gbà fún àfihàn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ náà fi dé etí Ọ̀túnba, ó sì wá sílé mi.

"O ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ àtijọ́," ó wí.

"Ta ló ní kí n gbàgbé?"

"Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni kí o yọ. Kí wọ́n jẹ ọkùnrin náà. Kí wọ́n fà á ya, kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, n ò ní bínú."

"Ta ló wá sọ pé ẹ̀yin ni, sà?"

"N ò sọ pé èmi ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó ní tí a bá yọ ọ́, òun yóò fún wa ní gbọ̀ngàn àti jẹnẹrétọ̀, wọn yóò sì fún mi ní àmì ẹ̀yẹ ní ọjọ́ ìlú. Bí a kò bá yọ ọ́, kí a lọ wá ibòmíràn. Mo ní láti gbà pé ó mọ eré kà. Ẹni tí òkú bá jẹ, àánú rẹ̀ a máa ṣeni. Ẹni tí òkú ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún, àwọn èèyàn yóò bi ara wọn pé kí ló ti fi wọ́n ṣe.

Olùdarí kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. "Mà, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ fún ọjọ́ kan péré. A ó dá a padà tó bá yá."

"Èyí tí wọ́n yọ nígbà èwe mi kò padà," mo wí. "Bí o bá yọ ọ́, yọ orúkọ mi mọ́ ọn."

Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ilé adìyẹ bàbá òun ní Ibefun ṣófo láti ìgbà tí oúnjẹ adìyẹ ti wọ́n.

Ibẹ̀ ni a ti ṣe àfihàn náà, lọ́sàn-án gangan. A ta aṣọ dúdú bo àwọn ojú fèrèsé. Ooru pa wá, òórùn ìgbẹ́ adìyẹ kò sì tíì kúrò tán, síbẹ̀ èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, Ọ̀túnba wọlé. Bóyá ó wá ka iye àwọn tí yóò fojú rí i ni. N kò bi í. Wọ́n dìde fún un, wọ́n gbé àga fún un níwájú.

Fíìmù dé ibi tí àwọn òkú ti dọ̀bálẹ̀. Obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

A ká aṣọ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ọ̀túnba dìde, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin tó tò síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún un bí ìṣe wọn, wọ́n sì rántí fíìmù náà lágbedeméjì. Ọ̀kan di ìbàdí rẹ̀ mú bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Òmíràn ń ṣa ohun tí kò sí nílẹ̀. Ẹ̀kẹta nà ró, ó wo ojú Ọ̀túnba, ó ní, "Ẹ káàsán, sà," pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nígbà yìí. Ọ̀túnba dúró, ọwọ́ tó ti nà láti fi gbé wọn dìde ṣì wà lókè. Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní:

"Ìyá olùkọ́, ẹ ti ba ìkíni jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nílùú yìí."