Ọkùnrin Tó Ń Bẹ̀rù Ìdọ̀bálẹ̀

Bí ẹ bá sọ fún ará Fìdítì pé ẹ̀rù ń ba Ṣàmsúdéènì Àkànbí, á fi yín rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó fi bọ́ọ̀lù jẹun nílùú òyìnbó, tó jẹ́ pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gbà wọlé, kí ló tún kù tó lè bà á lẹ́rù? Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1963, nínú mọ́tò tó ń gbé e lọ sí Ìlọrà, òógùn bò ó bí ẹni tó ń kọ ebè. Ilé bàbá Fàsílátù ló ń lọ, ó fẹ́ lọ tọrọ ọmọ. Ta ló sì ń tọrọ ọmọ nílẹ̀ Ọ̀yọ́ tí àyà rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀? Ìdọ̀bálẹ̀ yìí gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ náà lókè òkun, wọ́n mú un lọ kí alága wọn, bàbá arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun báláú. Ṣàmsúdéènì ṣe bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé, ó na gbalaja sílẹ̀. Bàbá náà fò sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rín in. Ẹnì kan gbé kámẹ́rà jáde, ó ní kó tún un ṣe. Òun náà, ọmọ ọlọ́mọ tí kò tíì mọ irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín, tún un ṣe. Ìwé ìròyìn gbé àwòrán náà. Láti ìgbà náà, kò sí pápá tó wọ̀ tí èrò kì í pariwo pé kó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbá a ṣubú, ayọ̀ ni fún wọn, wọ́n á ní ó ti dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe kọ́ bí èèyàn kì í ṣubú nìyẹn. Ibi tó ti ń tiraka láti dúró ni orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, orúnkún náà ló sì dá a padà sílé.

Nílé, ó fi orúnkún ṣe àwáwí. Bó bá pàdé àgbà, á fọwọ́ kan ilẹ̀, á di orúnkún mú, wọ́n á sì kí i pẹ̀lẹ́. Lórí ẹní ìkírun nìkan ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń balẹ̀, torí Ọlọ́run kì í fi ẹni tó wólẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n dé Ìlọrà, Àbọ̀dé, ọ̀rẹ́ tó tẹ̀ lé e, ti nà sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé tán. Ṣàmsúdéènì fọwọ́ kan ilẹ̀, ó di orúnkún mú.

Bàbá Mùtàlíbù, bàbá Fàsílátù, wò ó láti òkè délẹ̀.

“Mo rí ọ ní mọ́ṣáláṣí Fìdítì lọ́jọ́ Jímọ̀,” ni ó wí. “Orúnkún tó ká fún Ọlọ́run, ṣé ilé tèmi ló ti wá gan?”

Obìnrin kan pòṣé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òmíràn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Ṣàmsúdéènì lára bí òtútù, ojú rẹ̀ sì lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bó bá sá jáde, ó ti pàdánù Fàsílátù nìyẹn.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Kì í ṣe orúnkún. Ẹ̀rù ló ń bà mí.” Ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, àti alága, àti kámẹ́rà, àti ariwo èrò.

Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní:

“Nígbà tí wọ́n fi tipátipá kó wa lọ la ọ̀nà, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ wá wò ó. A dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku, bàbá mi wà níbẹ̀. Ó gba àárín wa kọjá, kò wo ẹnì kankan. A ò mọ ìgbà tó yẹ ká dìde. Wọ́n ní a ti gba òmìnira báyìí. Ara wa ni kò tíì gbọ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Àánú rẹ ṣe mí, Àkànbí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọmọ mi fún ẹni tó jẹ́ pé òyìnbó ló ṣì ń sọ bó ṣe máa kí mi.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣàmsúdéènì wọ egungun. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, òótọ́ náà kò sì lé ẹ̀rù lọ. Pẹ̀lú ẹ̀rù náà ló ṣe lọ sílẹ̀, ọwọ́ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àyà. Sìmẹ́ǹtì tutù. Ó di ojú, ó ń retí ẹ̀rín.

Ọwọ́ bàbá ló bà lé e lẹ́yìn. Bàbá ṣàdúrà gígùn, ó tọrọ àlùbáríkà àti ọmọ, àwọn obìnrin ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń ṣe àmín. “Dìde, ọmọ mi.” Kò dìde. Ẹkún ló ń sun. Àfìgbà tí bàbá wí i lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ní kí Fàsílátù gbé omi wá. Ó wọlé, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kó tó gbé e fún un.

“Dìde!” ni Ṣàmsúdéènì kígbe kí orúnkún ọmọbìnrin náà tó kan ilẹ̀. “Jọ̀ọ́, dìde!”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àyà rẹ̀ já. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹ̀rín àna ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́yà.