Àwọn Àbúrò Bọ̀dá Láídé ní Jeppestown

Ojú mi báyìí ni ọkùnrin Súlú kan ṣe di ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Sipho ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kan férémù àga lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Jeppestown, ní Johannesburg, nígbà tí mo wọlé, tí mo sì bi ọ̀gá rẹ̀ pé ta nìyí.

“Àbúrò mi ni,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí.

Sipho gbọ́ Yorùbá díẹ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn èèyàn wa ṣiṣẹ́. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó ní, “Eish,” bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí bí ọ̀rọ̀ bá yani lẹ́nu. Ó sì tún gbé òòlù rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Lọ́dún 2008 ni, mi ò sì tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ olówó oṣù àkọ́kọ́ tí mo rí ní ilẹ̀ yìí ni. Aṣọ ni mo ti ń tà fúnra mi ní Joubert Park kí ìjọba tó gbà mí fún ọdún méjì gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wò owó àìníṣẹ́. Ètò owó náà kò le. Nínú ọgọ́rùn-ún rándì tí òṣìṣẹ́ bá gbà, ọ̀gá á yọ rándì kan, á fi rándì kan láti àpò ara rẹ̀ tì í, á sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ìjọba. Bí iṣẹ́ bá wá bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yẹn, ìjọba á máa fún un ní ìwọ̀nba owó fún oṣù mélòó kan, kó lè rí nǹkan jẹ títí á fi rí iṣẹ́ mìíràn.

Tèmi ni pé kí n máa yọjú sáwọn ọ̀gá láti wò bóyá wọ́n ń san án. Kò sẹ́ni tínú rẹ̀ ń dùn láti rí mi. Ní Randburg, wọ́n á fún mi ní kọfí, wọ́n á ní akáùntáǹtì àwọn ò sí nílé. Ní Jeppestown, wọn kì í fún mi ní nǹkan kan, akáùntáǹtì náà ò sì sí láyé.

Bàbá Themba ló kọ́ mi níṣẹ́. Olùyẹ̀wò àgbà ni, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé e jáde, ó ní, “Sisi, má bi ọ̀gá ní iye òṣìṣẹ́ tó ní. Ibi tí wọ́n ti ń po tíì ni kó o lọ. Ka ife tó wà níbẹ̀.”

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ń sọ yìí, ti Bọ̀dá Láídé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ni. Àga onítìmùtìmù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìjọ Aládùúrà kan náà ni èmi àti Bọ̀dá ń lọ, alàgbà ni wọ́n níbẹ̀, nílé wọn sì ni èmi, ọkọ mi àti Tóbi ọmọ wa dé sí nígbà tá a kọ́kọ́ wọ ìlú yìí. Nígbà tí mo rí orúkọ wọn lára àwọn tí mo máa yẹ̀ wò, mo bẹ Bàbá Themba pé kó gbà á lọ́wọ́ mi.

“Ní ìlú yìí, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹnì kan,” ni Bàbá Themba wí. “Màá bá ẹ lọ.”

Ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Èmi gba iwájú. Bọ̀dá Láídé sọ pé, “Ẹ káàbọ̀, Madam Ìjọba.” Látọjọ́ tá a ti mọra, wọn ò kí mi pẹ̀lú “ẹ” rí. Mo mọ̀ pé wàhálà ti dé.

“Bọ̀dá, òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní?”

“Mi ò ní òṣìṣẹ́. Mọ̀lẹ́bí ni gbogbo wa.”

Ibẹ̀ ni Sipho ti di àbúrò. Ọmọ Zimbabwe tó ń gé fóòmù náà di àbúrò. Bàbá arúgbó kan tó ju Bọ̀dá lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, àbúrò lòun náà. Bàbá Themba ti ẹ̀yìn yọ sí wa, mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó ní lédè òyìnbó pé pẹ̀lú iye ife tí òun kà, mọ̀lẹ́bí yìí mà fẹ́ràn tíì o.

Inú bí Bọ̀dá. “Ó dáa. Bó bá jẹ́ gbogbo ẹni tó ń gbowó níbí lẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ ìyàwó mi náà! Kí ìjọba máa gbowó lórí ìyàwó ẹni.”

Nomsa, ìyàwó wọn, ọmọ Soweto, wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán aṣọ àga. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ń san owó oṣù fún un.

“Kó má san án, kó wò ó,” ni Nomsa wí.

Mo kọ Nomsa mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Sunday, mo kí Bọ̀dá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò dáhùn. Ẹni tó ń ṣáájú àdúrà bẹ Ọlọ́run kó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀tá inú ilé. Ó dijú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló kọjú sí. Nígbà tá a délé, ọkọ mi ní, “Ṣé kò sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní gbogbo Johannesburg ni?” Látìgbà náà, Bọ̀dá ń san owó náà lóṣooṣù, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní owó Ìyá Tóbi.

Nígbà tó di 2009, ọjà dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó ń ra àga lọ́wọ́ wọn kò rà mọ́, Bọ̀dá sì ní láti dá gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn àbúrò lọ tò ní ọ́fíìsì wa, wọ́n ń gbowó. Sipho pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Sisi, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bọ̀dá fúnra wọn dé sí ọ́fíìsì mi, wọ́n wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jókòó bí àlejò.

“Ọ̀gá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́, ibo ló ń tò sí?”

“Kò sí fún ọ̀gá, Bọ̀dá.”

“Ṣé àwọn tó ṣòfin rò pé ebi kì í pa ọ̀gá ni?” Wọ́n tú bọ́tìnì kóòtù wọn. “Owó tí Nomsa ń gbà lọ́dọ̀ yín la fi ń jẹun báyìí. Bó bá ti gbé oúnjẹ síwájú mi, á ní, ‘Àbúrò, jẹun.’”

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí n tó rẹ́rìn-ín. A sì rẹ́rìn-ín títí ẹni tó kàn lórí ìlà fi yọjú wò wá.

Ní 2010, àwọn àlejò bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé ń bọ̀, àwọn ilé ìtura ń wá àga. Bọ̀dá tún ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àsìkò yẹn gan-an ni ọdún méjì tèmi pé, ìjọba sì ní kò sówó láti fi kún un. Mo kó ẹrù mi wálé.

“Ó kéré tán, wàá gba owó àìníṣẹ́,” ni ọkọ mi wí.

“Kò kàn mí. Òfin náà ò ka òṣìṣẹ́ ìjọba mọ́ ọn.”

Ó rò pé mò ń ṣeré. Mi ò ṣeré. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ wa níṣẹ́ ni mo ti ka ibẹ̀, mo sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn èèyàn rí láìronú nípa ara mi. Ó dà bíi pé àwọn tó kọ ọ́ gbà pé iṣẹ́ ìjọba kì í bọ́. Bàbá Themba ń gba owó ìfẹ̀yìntì, Sipho ti jẹ nínú owó rẹ̀, Nomsa náà jẹ. Èmi tí mo lé gbogbo wọn wọlé, ìta ni mo wà.

Bọ̀dá Láídé gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wá bá mi lẹ́yìn ìsìn.

“Ìyá Tóbi, wá máa bá mi bójú tó owó ṣọ́ọ̀bù. Kò kúkú síbi tí mo lè sá sí tí o ò mọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí oṣù parí, Bọ̀dá pe gbogbo wa sídìí tábìlì, wọ́n ń fún kálukú ní owó rẹ̀. Wọ́n dúró tì mí nígbà tí mò ń ka tèmi.

“Ó pé?”

“Ẹ ti yọ rándì kan nínú ọgọ́rùn-ún, Bọ̀dá.”

“Mo yọ ọ́. Mo sì ti fi tèmi tì í. Ṣé kí n dá a padà ni?”

“Ẹ má dá a padà.”

Mo ki owó náà sínú báàgì, mo wọ tákísí lọ sílé. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń gba owó yẹn lọ́wọ́ gbogbo ayé. Ọjọ́ náà ni ẹnì kan kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, mo sì sùn dáadáa.