Obìnrin Tí Kì Í Jẹ Oúnjẹ Mi

Mo rántí ìgbà tí mo mọ gbogbo ilé oúnjẹ tó gbayì ní Ìlọrin bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ebi ló ń lé mi débẹ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kan ní Adéwọlé, yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé, mo sì ń wá ìyàwó. Ọmọbìnrin tí ọkàn mi fà sí jẹ́ ọmọ alùfáà kan nínú ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn ilé ti fara kọ́ra, tí èèyàn ò ní rìn jìnnà kó tó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú. Òun náà ń kọ́ni ní kéwú. Abúlé lápá oko Ìlọrin ni wọ́n ti bí èmi ní tèmi, àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó ń gbin iṣu àti àgbàdo, ó sì ní ewúrẹ́ díẹ̀.

Alùfáà náà kò lé mi. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní kí n máa bá ọmọ òun sọ̀rọ̀ lójú ọ̀sán, níbi tí ojú èèyàn wà, àti pé àbúrò òun obìnrin yóò máa bá wa lọ, nítorí ọkùnrin àti obìnrin tí wọn ò tíì so yìgì fún kì í dá jókòó. Ó ní bí ààwẹ̀ bá ti wọlé, ọmọ náà yóò sọ bóyá òun fẹ́ mi tàbí òun ò fẹ́ mi, ohun tó bá sì sọ labẹ gé.

Ibi tí ojú èèyàn wà, ilé oúnjẹ ni mo rò. Mo kọ́kọ́ mú wọn lọ sí ọ̀kan ní Challenge, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ kìkì díńgí, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń fẹ́ bí ọyẹ́. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ìrẹsì aláwọ̀ mẹ́ta nínú àwo kan, mo sì di fọ́ọ̀kì mú bí ẹni di ọkọ́ mú, kí wọ́n lè rí i pé ọ̀làjú ni mí. Àǹtí, ìyẹn àbúrò alùfáà, bá mi jẹun dáadáa. Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ adìẹ, ó ṣàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó ní omi nìkan ti tó òun. Oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ó fi tutù, àǹtí sì ní kí wọ́n bá òun dì í sí ike.

Mo rò pé ilé oúnjẹ náà ni kò dára tó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú wọn lọ sí ọ̀kan ní GRA, tí àga rẹ̀ wà lábẹ́ igi, tí wọ́n ń sun ẹja lórí ẹyin iná. Omi ló mu. Mo tún wá ọ̀kan sí i lójú ọ̀nà Yunifásítì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí a ti ń wo gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Omi náà ni. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo sì ń forí tì í, ṣùgbọ́n àyà mi ti ń já. Ní abúlé wa, bí ọmọbìnrin bá ti lè ti àwo tí o gbé síwájú rẹ̀ sẹ́yìn, kí o mú fìlà rẹ kí o máa lọ ni. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé fún ọ.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé kì í fojú burúkú wò mí. Ó máa ń béèrè ìyá mi, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi, kódà sí èyí tí kò pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo wá gbà pé ìwà ọmọlúàbí ló ń hù, pé ó ń ṣàánú mi ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ti sú mi. Mi ò wá ibi díńgí mọ́. Mo mú wọn lọ sí ilé oúnjẹ kékeré kan nítòsí Ọ̀fà Garage, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹ tùwó àti ọbẹ̀ wàrà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n gbé oúnjẹ dé, ọmọbìnrin náà kó ọwọ́ sábẹ́ híjáàbù.

Mo ní, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́. Mo ti gbọ́ èsì rẹ."

Ó wò mí. "Èsì wo, tíṣà? Ṣé ààwẹ̀ ti dé ni?"

"O ò fẹnu kan oúnjẹ mi rí. Ará oko ni mí, àmọ́ mi ò gọ̀."

Àǹtí ké, "Súbúhánalláhì!" Tùwó fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Ọmọbìnrin náà fa híjáàbù bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni.

"Tíṣà, nílé wa, ẹni téèyàn ò bá fẹ́ lèèyàn ń jẹun níwájú rẹ̀, torí ojú rẹ̀ kì í tini. Ẹni tó wá ṣáájú yín, wàlláhì, mo jẹ adìẹ rẹ̀ tán, mo tún fọ́ eegun. Ojú tiyín ló ń tì mí." Ó wolẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé àǹtí nìkan ló ń jẹ oúnjẹ inú ike yẹn ni? Ẹja ti GRA, iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

Àǹtí ní, "Mo rò pé o mọ̀ ni o! Mo ní ọkùnrin yìí mà lawọ́ o, ó mọ̀ pé ọmọ ò ní jẹun, síbẹ̀ ó ń ra adìẹ fún mi."

Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó kù díẹ̀ kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn kúrò nídìí ayọ̀ mi. Omijé bọ́ lójú mi lójú àwọn awakọ̀, mo sì ní ata ló ta sí mi lójú.

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n mú un wá sí yàrá mi, mo ra mọ́sà àti ẹ̀kọ gbígbóná. Mo gbé e síwájú rẹ̀, mo wá kọjú sí fèrèsé, mo ń ṣe bí ẹni ń wo kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá, kí ojú má baà tì í. Mo gbọ́ tó bu àkọ́kọ́ jẹ. N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé oúnjẹ ti wá pọ̀ ní Ìlọrin báyìí, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ya fọ́tò oúnjẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. A máa ń lọ nígbà mìíràn, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ. Ó máa ń jẹ tirẹ̀ tán, á wá na ọwọ́ mú ẹran nínú àwo mi, láì béèrè, láì tilẹ̀ wojú mi. Àwọn ọmọ á ní, "Bàbá, ẹ ò bá wọn wí?" Màá kàn ti àwo mi sún mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ti rìn yí ìlú ká kí obìnrin kan lè jẹun níwájú rẹ̀, ṣé irú ẹ̀ ló máa wá bínú torí ẹran?