Ohùn Tó Ń Já Nínú Yàrá Ìyá Mi

Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń dún nígbà náà, bó bá pe ìyá mi lórí fóònù nílùú wa, Ọ̀kà. Ó ti pẹ́ tó ti wà ní Kánádà. Ẹsẹ̀ ìyá mi kan ti rọ, wọn kò lè jáde sí ojúde níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa, inú yàrá ni wọ́n ti ń gba ìpè rẹ̀. Kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ á fi já. "Nẹ́tíwọ̀kì yín ò dáa, Màámi," ni ẹ̀gbọ́n mi á wí, ìpè á sì kú.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ ní yunifásítì ní Àkùngbá, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ògiri amọ̀ ilé wa nípọn, páànù ló wà lórí rẹ̀. Bí ìgbì tó ń gbé ohùn bá wọlé, á kọlu ibí, á kọlu ọ̀hún, á máa forí gbárí títí ohùn á fi kú. Mo lọ ra ẹ̀rọ kan ní Ìkàrẹ́ tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì lórí òrùlé wá sínú ilé. Mo so eríàlì rẹ̀ méjì sí yàrá ìyá mi, mo mú wọn jìnnà síra, kí èkejì lè máa gbé ohùn níbi tí ọ̀kan bá ti kú. Mo wá ń rìn káàkiri bí ẹni tó fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú.

Ẹ̀gbọ́n mi pè lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àfi bíi pé o wà ní pálọ̀." Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ìyàwó. Ìyá mi wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lo máa wá wò mí? Ara yìí ò gbé e mọ́."

A ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà nílé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi. A ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

"Màámi? Mi ò gbọ́ yín mọ́ o. Nẹ́tíwọ̀kì yín yìí náà ni."

Ó pa fóònù. Ìyá mi da ojú fóònù tiwọn dé sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Tú nǹkan wọ̀nyẹn kúrò."

"Màámi, ó ti dáa báyìí."

"Mo mọ̀ pé ó ti dáa. Tú u kúrò."

Mo tú u. Wọn kò dárúkọ ẹ̀rọ náà mọ́ títí wọ́n fi kú.

Iṣẹ́ yìí náà ni mò ń ṣe jẹun ní Ìkàrẹ́ lónìí. Mo máa ń so irú ẹ̀rọ yẹn sí ṣọ́ọ̀bù, sí ilé ìtura, àwọn èèyàn á sì máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn yẹn ṣì ń já, ìyá mi ní ọmọ kan lókè òkun tó ń wá wọn tí kò rí wọn bá sọ̀rọ̀. Mo tún un ṣe, wọ́n sì kú láìní ọmọ yẹn mọ́.